Ẹ Jẹ́ Kí Kọ́ọ̀sì Kọ̀ọ̀kan Ní Ojú-Ewé Tirẹ̀

Ẹ̀yin olùkọ́ fásitì, ẹ̀yin olórí ẹ̀ka ẹ̀kọ́, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, àti ẹ̀yin tí ẹ ti gboyè jáde, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ọmọ tó wà ní Ìṣẹ́yìn tàbí Ìkìrun lónìí, tó fẹ́ lọ kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, lè ṣí fóònù rẹ̀ kó rí ohun tí wọ́n ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìn-ín-ní ní MIT ní Amẹ́ríkà, láti orí ìwé tí wọ́n ní kí wọ́n kà títí dé orí ìbéèrè ìdánwò. Kò ní san kọ́bọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní bi í léèrè orúkọ. Ṣùgbọ́n bó bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń kọ́ nínú irú kọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ ní fásitì tí kò jìnnà sí ilé bàbá rẹ̀, àfi kó wá ẹni tó mọ ẹnì kan níbẹ̀. Ohun tó sábà máa ń wà lórí ìkànnì wa ni orúkọ ẹ̀ka, àwòrán ọ̀gá àgbà, àti ọ̀rọ̀ ìkíni káàbọ̀ tó ti pẹ́ níbẹ̀. Èyí kò bá wa mu, ó sì wà ní ìkáwọ́ wa láti tún un ṣe.

Ohun tí mo ń pè yín sí nìyí: kí kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan tí a ń kọ́ ní fásitì wa ní ojú-ewé tirẹ̀ lórí ayélujára, tí ẹnikẹ́ni lè ṣí láìsí páásíwọọ̀dù, kí ẹnì kan tí a mọ orúkọ rẹ̀ sì máa tọ́jú rẹ̀ láti sáà dé sáà.

Mo mọ èsì tí ọ̀pọ̀ yóò fún mi: “A ní grúùpù WhatsApp.” Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ ní in, gbogbo wa la sì mọ bó ṣe ń lọ. Kọ́ọ̀sì rẹ́ẹ̀pù á dá grúùpù sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Olùkọ́ á fi hándáòtì ránṣẹ́ sí i, òun náà á gbé e síbẹ̀ ní aago mọ́kànlá alẹ́. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ìkíni ọjọ́ìbí, àdúrà òwúrọ̀ àti ìpolówó aṣọ ti bò ó mọ́lẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹnì kan á béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ní nóòtì ọ̀sẹ̀ kejì?” Ẹni márùn-ún mìíràn á tún béèrè ohun kan náà kó tó di ìdánwò. Ẹni tí wọ́n jí fóònù rẹ̀ ti pàdánù gbogbo rẹ̀. Ẹni tó pẹ́ kó tó forúkọ sílẹ̀ kì í sábà rí ohun tí wọ́n ti sọ ṣáájú kó tó wọlé. Bí sẹ̀mẹ́sítà bá parí, rẹ́ẹ̀pù á jáde, grúùpù á dákẹ́, àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo. Olùkọ́ tó ti ń kọ́ kọ́ọ̀sì kan láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti fi fáìlì kan náà ránṣẹ́ lọ́dọọdún, síbẹ̀ kò sí ibì kan ṣoṣo tí a lè nawọ́ sí pé ibí ni ẹ̀kọ́ rẹ̀ wà.

WhatsApp wúlò fún ìkéde pàjáwìrì, bíi pé kíláàsì ti sún síwájú tàbí pé iná ti lọ ní gbọ̀ngàn. Ẹ má pa á tì. Ṣùgbọ́n bí ọjà alẹ́ ló rí: ẹni tó bá débẹ̀ lásìkò ló ń rí ohun tí wọ́n ń tà. Ẹ̀kọ́ nílò ibi tó dúró sójú kan.

Ẹ rántí ọdún 2020. Àrùn kòrónà ti ilé-ẹ̀kọ́ pa ní oṣù Kẹta, ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì, tó bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù kan náà sì ń bá a lọ títí di oṣù Kejìlá. Ẹ rántí 2022, nígbà tí ìyanṣẹ́lódì mìíràn gba oṣù mẹ́jọ gbáko, láti ọjọ́ 14 oṣù Kejì sí ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. N kò fi èyí dá olùkọ́ lẹ́bi. Ìjà wọn ní ìdí tirẹ̀, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni máa kọ́ni lásìkò ìyanṣẹ́lódì. Ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tó jókòó sílé fún oṣù mẹ́jọ yẹn ló ń dùn mí, ẹni tí kò mọ orí tó kàn nínú ìwé, tí kò ní ìbéèrè kankan tó lè fi dán ara rẹ̀ wò, tó sì gbàgbé èyí tó ti kọ́ tẹ́lẹ̀. Bí ojú-ewé kọ́ọ̀sì rẹ̀ bá ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó ti gẹ́ètì, ì bá rí ohun tí yóò máa fi ọwọ́ bà títí wọ́n fi wọlé.

Ẹ tún wo GST 112, kọ́ọ̀sì lórí àwọn ènìyàn àti àṣà Nàìjíríà. Ó wà nínú CCMAS, ìlànà ẹ̀kọ́ tuntun tí NUC, àjọ tó ń bójú tó àwọn fásitì, gbé jáde ní 2022, tó kan gbogbo fásitì wa. Nínú ìlànà yẹn, NUC la ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ètò ẹ̀kọ́ sílẹ̀, ó sì fi ìdá 30 tó kù sílẹ̀ fún fásitì kọ̀ọ̀kan láti fi ọgbọ́n tirẹ̀ ṣe. Ìdá 70 yẹn, tí GST 112 wà lára rẹ̀, wà lórí ayélujára, ẹnikẹ́ni lè wà á jáde kó kà á. Ìdá 30 ńkọ́? Níbẹ̀ gan-an ni Ìbàdàn ti lè fi ara rẹ̀ hàn yàtọ̀ sí Èkó, tí Ifẹ̀ ti lè yàtọ̀ sí Ìlọrin. Níbẹ̀ náà ló sì ṣòro jù lọ fún ará ìta láti rí. Fásitì tó bá ní ohun àrà ọ̀tọ̀ tó ń kọ́ àwọn ọmọ, tó wá fi pamọ́ sínú dúrọ́ọ̀ ọ́fíìsì, ara rẹ̀ ló ń fi bú.

Àwọn tó ti gboyè jáde mọ ìyà mìíràn. Ẹni tó fẹ́ kàwé sí i ní Kánádà tàbí ní Ìlú Ọba, nọ́ọ̀sì tàbí ẹnjiníà tó fẹ́ gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lókè òkun, wọ́n lè ní kó kọ ohun tí wọ́n kọ́ ọ nínú kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan wá. Ìwé èsì ìdánwò kò lè dáhùn ìyẹn. Orúkọ kọ́ọ̀sì àti máàkì nìkan ló wà níbẹ̀. Á wá di pé kó bẹ ẹnì kan nílé láti lọ rí akọ̀wé ẹ̀ka, kí akọ̀wé máa tú fáìlì, kí wọ́n máa wá olùkọ́ tó ti fẹ̀yìntì kó wá rántí. Gbèdéke tí wọ́n fún un á sì máa sún mọ́lé. Bí ojú-ewé kọ́ọ̀sì náà bá ṣì wà, tí ọdún tí wọ́n kọ́ ọ wà lára rẹ̀, iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni.

Àwọn tó ṣe é ṣáájú wa kò ṣe é lọ́jọ́ kan. Oṣù Kẹrin 2001 ni MIT kéde pé òun yóò gbé ẹ̀kọ́ òun síta lọ́fẹ̀ẹ́. Kọ́ọ̀sì 50 péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní 2002, ó sì di 2007 kí ó tó tó 1,800. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé owó MIT la nílò. Nílé níbí, NOUN, fásitì tó ń kọ́ni láti ọ̀nà jíjìn, ń gbé ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sórí ìkànnì rẹ̀, àwọn tí kì í ṣe ọmọ ibẹ̀ pàápàá sì ń wà á kà. Ifẹ̀ ti bá MIT ṣe iṣẹ́ iLab, tí akẹ́kọ̀ọ́ fi lè jókòó síbì kan kó máa fi íntánẹ́ẹ̀tì ṣe àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì lórí ẹ̀rọ tó wà níbòmíràn. Àwa tí a lè ṣe èyí, ojú-ewé tó ní ọ̀rọ̀ àti líǹkì díẹ̀ kò lè pọ̀ jù fún wa. Irinṣẹ́ wà lọ́fẹ̀ẹ́: WordPress wà, Google Sites wà, Moodle tí Martin Dougiamas gbé jáde ní Ọsirélíà ní 2002 náà wà. Ẹ kàn rántí pé ẹ̀yìn páásíwọọ̀dù ni Moodle sábà máa ń wà. Ẹ fi máàkì àti iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi sílẹ̀ síbẹ̀, kí ètò ẹ̀kọ́ àti nóòtì wà níta gbangba.

Kí ló yẹ kó wà lójú-ewé náà? Kóòdù àti orúkọ kọ́ọ̀sì, iye yúníìtì rẹ̀, àti kọ́ọ̀sì tí èèyàn gbọ́dọ̀ ti yege kó tó ṣe é. Orúkọ olùkọ́, ọ́fíìsì rẹ̀, ọjọ́ àti wákàtí tí akẹ́kọ̀ọ́ lè wá rí i, pẹ̀lú ímeèlì iṣẹ́. Lẹ́yìn èyí ni ètò ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, òun gan-an ni mo kà sí ẹ̀mí gbogbo rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ibà dá gúnlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kẹta gbọ́dọ̀ lè ṣí i, kó rí kókó tí wọ́n kọ́, ojú ìwé tó yẹ kó kà, àti iṣẹ́ tí wọ́n fún wọn pẹ̀lú ọjọ́ tí wọn yóò fi í sílẹ̀. Kí bí a ṣe ń pín máàkì hàn kedere láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́: mélòó ni ti tẹ́ẹ̀sì, mélòó ni ti iṣẹ́ àṣetiléwá, mélòó ni ti ìdánwò. Ọ̀pọ̀ awuyewuye tó ń gbé akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí ọ́fíìsì olórí ẹ̀ka ni kò ní wáyé bí èyí bá ti wà ní kíkọ.

Ìbéèrè ìdánwò àtijọ́ ńkọ́? Ẹ gbé e síbẹ̀. Àwọn tó ń ṣe fọ́tókọ́pì lẹ́nu gẹ́ètì ti ní in, wọ́n sì ń tà á. Ọmọ tí kò lówó lọ́wọ́, tí kò ní ẹ̀gbọ́n nínú ẹ̀ka, òun nìkan ni kì í rí i. Ìrẹ́jẹ nìyẹn, ojú-ewé kan ṣoṣo ló sì lè fòpin sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni ní èdè Yorùbá, ọ̀rọ̀ tiyín ló ká mi lára jù. Ní Yunifásítì Texas ní ìlú Austin, Fẹ́híntọlá Mosádomí ṣe ìwé Yorùbá Yé Mi fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ èdè wa, ibùdó COERLL níbẹ̀ sì gbé e sórí ayélujára fún gbogbo ayé. Iṣẹ́ ńlá ni, a sì gbọ́dọ̀ dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tó wà ní Peckham ní London, tàbí ẹni tó ń ṣe òrìṣà ní Bahia ní Brazil, tó ti kọjá ìpele ìbẹ̀rẹ̀, tó ń wá ẹ̀kọ́ lórí fonọ́lọ́jì, lórí oríkì, lórí ewì alohùn, ilé ló yẹ kó ti rí i. Ìbàdàn, Ifẹ̀, Èkó, Ìlọrin, Adó-Èkìtì àti Àgọ́-Ìwòyè ló ní àwọn àgbà ìmọ̀ yẹn. Bí wọn kò bá gbé ẹ̀kọ́ wọn síta, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tó wọn ni yóò máa kọ́ ayé.

Ìṣòro kan sì wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ mọ ìrora rẹ̀ jù: àmì ohùn. Láyé àtijọ́, fọ́ǹtì àkànṣe la fi ń tẹ Yorùbá. Bí a bá ṣí irú fáìlì bẹ́ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní fọ́ǹtì náà, lẹ́tà á dàrú pátápátá. Ẹ má gbé irú rẹ̀ sórí ayélujára; ẹ tún un tẹ̀ ní Unicode, ìlànà lẹ́tà tí gbogbo kọ̀ǹpútà jọ ń lò. Nínú Unicode, ọ ní àyè tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọ́ àti ọ̀ kò ní. Ńṣe ni a ń gbé àmì ohùn lé ọ lórí. Ìdí nìyí tí àmì fi ń sún kúrò láyè rẹ̀ nínú fọ́ǹtì tí kò dára, òun náà ló sì fà á tí wíwá ọ̀rọ̀ fi lè kùnà nígbà tí olùkọ́ méjì bá tẹ ọ̀rọ̀ kan náà lọ́nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ lo fọ́ǹtì tó gbé àmì wa dáadáa, bíi Noto. Ẹ lo kíbọọ̀dù Yorùbá, ìbáà ṣe èyí tí àwọn YorubaName fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ tàbí ti Gboard lórí fóònù, kí gbogbo ẹ̀ka sì fẹnu kò sí ọ̀nà ìtẹ̀wé kan. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ojú-ewé yín wò lórí fóònù tí owó rẹ̀ kò pọ̀ kí ẹ tó pín àdírẹ́sì rẹ̀. Ẹ̀kọ́ lórí ohùn tí àmì ti bọ́ lára rẹ̀, àṣìṣe ni yóò kọ́ ẹni tó bá kà á.

Fóònù ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ wa fi ń kàwé, àpò ara wọn ni owó dátà sì ti ń jáde. Nítorí náà, ẹ tẹ ọ̀rọ̀, ẹ má ya fọ́tò ìwé. Ọ̀rọ̀ 2,000 tí a tẹ̀ kò ju nǹkan bíi kílóbáìtì 20 lọ; fọ́tò ojú ìwé kan ṣoṣo lè tó mẹ́gábáìtì 3, ìyẹn ìlọ́po 150. Ní oṣù Kẹta 2024, nígbà tí wáyà abẹ́ òkun gé ní etíkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, gbogbo wa la rí bí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ń rá pálá. Irú ìgbà bẹ́ẹ̀ ni ojú-ewé tó fúyẹ́ máa ń wúlò. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ríran, tó ń lo ẹ̀rọ tó ń ka ọ̀rọ̀ sókè, kò sì ní gbọ́ nǹkan kan nínú fọ́tò. Ọ̀kan lára àwọn ọmọ wa lòun náà.

Wàyí o, ìtọ́jú. Níbẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an wà, níbẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ ti ń jábọ́. Tim Berners-Lee, ẹni tó dá wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀ ní CERN, kọ àròkọ kan ní 1998 tó fi rọ àwọn tó ni ojú-ewé pé kí wọ́n má ṣe máa pààrọ̀ àdírẹ́sì rẹ̀. Ìmọ̀ràn yẹn bá wa wí gan-an. Ẹ jẹ́ kí àdírẹ́sì náà wà lábẹ́ orúkọ fásitì, lórí edu.ng, kí ó sì jẹ́ kóòdù kọ́ọ̀sì ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe orúkọ olùkọ́. Olùkọ́ á fẹ̀yìntì, ẹlòmíràn á jápa, ọlọ́jọ́ á sì dé bá ẹlòmíràn. Kọ́ọ̀sì á ṣì máa lọ. Ojú-ewé tí olùkọ́ kan fi owó ara rẹ̀ ra àdírẹ́sì fún ń kú lọ́jọ́ tí a kò bá san owó náà mọ́, àdírẹ́sì rẹ̀ sì lè bọ́ sọ́wọ́ àwọn oníṣòwò tẹ́tẹ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ sẹ̀mẹ́sítà, kí ẹnì kan jókòó ti ojú-ewé náà kó tẹ gbogbo líǹkì tó wà níbẹ̀ wò, kó yọ èyí tó ti kú. Kí ìkéde àtijọ́ kúrò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá rí “tẹ́ẹ̀sì yóò wáyé lọ́la” tó ti lé lọ́dún méjì kò ní gba ojú-ewé náà gbọ́ mọ́ láéláé. Kí ọjọ́ tí a tún un ṣe kẹ́yìn wà nísàlẹ̀. Ẹ má pa ti ọdún tó kọjá rẹ́. Ẹ fún un ní àyè tirẹ̀ pẹ̀lú ọdún lára rẹ̀, nítorí ẹni tó gboyè jáde tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lókè. Ẹ fi ẹ̀dà kan pamọ́ sínú dírààfù ẹ̀ka, ẹ sì fi òmíràn sínú Wayback Machine ti Internet Archive, tí ẹnikẹ́ni lè lò láìsanwó. Kí ẹni méjì mọ bí a ṣe ń wọlé tún un ṣe, olùkọ́ àti ẹlòmíràn kan nínú ẹ̀ka, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn wọn.

Mo mọ ohun tó ń ba àwọn olùkọ́ kan lẹ́rù. Wọ́n ní bí nóòtì bá wà níta, kíláàsì á ṣófo. Olùkọ́ tó jẹ́ pé nóòtì nìkan ló ń kà sókè fún àwọn ọmọ lè bẹ̀rù bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń ṣàlàyé, tó ń dáhùn ìbéèrè, tó ń tọ́ni sọ́nà, kíláàsì rẹ̀ á kún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, nítorí àwọn ọmọ á ti kà á kí wọ́n tó wá. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé a ó jí iṣẹ́ wọn. Ẹ kọ orúkọ yín àti ọjọ́ sí i, ẹ fi ìwé àṣẹ Creative Commons tó wù yín, èyí tó ń sọ bí ẹlòmíràn ṣe lè lo iṣẹ́ yín, síbẹ̀, gbogbo ayé á sì mọ ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ́. Hándáòtì tí kò jáde síta rí ló rọrùn jù láti jí. Ti owó tí àwọn olùkọ́ kan ń gbà lórí hándáòtì, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: kò yẹ kí ọmọ tálákà san owó lẹ́ẹ̀kejì kó tó mọ ohun tí a fẹ́ bi í ní ìdánwò.

Òfin wà tí a kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ lójú. Ẹ má ṣe gbé odindi ìwé òǹkọ̀wé ẹlòmíràn síta. Ẹ kọ orúkọ ìwé náà, ibi tí ó wà ní yàrá ìkàwé, àti ojú ìwé tó yẹ kí wọ́n kà. Ẹ má sì fi máàkì akẹ́kọ̀ọ́ pẹ̀lú nọ́ńbà mátíríìkì wọn síta gbangba. Òfin ìdáàbòbò dátà ti Nàìjíríà ti wà láti 2023, ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ọmọ ọlọ́mọ sì ni.

Ẹ̀yin ọ̀gá àgbà fásitì, ẹ jẹ́ kí ojú-ewé kọ́ọ̀sì tó wà láàyè kà nígbà tí ẹ bá ń ṣe ìgbéga lẹ́nu iṣẹ́, bí ìwé tí olùkọ́ tẹ̀ jáde ṣe ń kà. Bí kò bá kà, díẹ̀ ni yóò ṣe é. Ẹ̀yin olórí ẹ̀ka, ẹ mọ bí gbogbo wa ṣe ń sáré wá fáìlì kiri nígbà tí àwọn NUC bá fẹ́ wá yẹ ètò ẹ̀kọ́ wò. Ojú-ewé tí ẹ tọ́jú lọ́dọọdún ti ṣe ìdajì iṣẹ́ yẹn fún yín. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, ẹ lọ bá àwọn olùkọ́ yín pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ sọ pé ẹ ó bá wọn ṣe é. Ẹ̀yin kọ́ọ̀sì rẹ́ẹ̀pù, ẹ máa kó nóòtì jọ fún olùkọ́ láti yẹ̀ wò. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́-jáde ní London, Houston àti Toronto, bí ẹ bá fẹ́ ran ilé-ẹ̀kọ́ yín lọ́wọ́ lọ́dún yìí, ẹ san owó sáfà fún ẹ̀ka kan, kí ẹ sì máa béèrè lọ́dọọdún pé ṣé ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, sẹ̀mẹ́sítà tó ń bọ̀ yìí ni kí a fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú kọ́ọ̀sì kan ṣoṣo, èyí tí ẹ fẹ́ràn jù láti kọ́. Ẹ kọ ètò ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ẹ ṣe ń pín máàkì, àwọn ìwé tó yẹ kí wọ́n kà àti ìbéèrè ìdánwò ọdún mẹ́ta sẹ́yìn. Ẹ gbé e síta, kí ẹ sì kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sójú pátákó ní kíláàsì àkọ́kọ́, kí gbogbo ọmọ tó wà níbẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé wọn.